Wákàtí Ẹgbẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìjọba: Ohun tí Ọ̀sán Ọjọ́rú Ń Ṣe fún Ọmọ Agége àti Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ gbà wá lálejò, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ìsọ̀ yín kí ẹ tó wá, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí, mo kí gbogbo yín pátá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí wọ́n rántí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi. Ọdún 35 ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba, láti Agége dé Ìpájà, kí n tó parí rẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Nínú rẹ̀, ọdún 22 ni mo fi jẹ́ olùkọ́ alámòójútó ẹgbẹ́ àríyànjiyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí mo ti rí i tí ọmọ ń dàgbà lójú mi kòrókòró, kì í ṣe kíláàsì tí mo ti ń fi ẹfun kọ àkànlò èdè sára pátákó ni mo máa tọ́ka sí. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo máa tọ́ka sí, ní wákàtí ẹgbẹ́. Wákàtí yẹn ti ń parẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tipẹ́ lè ti gbàgbé bí ó ṣe ń rí. Ní Ọjọ́rú, bí iṣẹ́ bá ti ku méjì kí a jáde, wọn yóò lu agogo gígùn kan, kíláàsì gbogbo yóò tú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹnu géètì kọjá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ JETS, tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ń wù, yóò forí lé yàrá àyẹ̀wò. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀dọ́ yóò gbé ọkọ́ àti korobá omi lọ sí ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí ebè ewédú àti tẹ̀tẹ̀ wà. Àwọn Síkáòtù yóò so okùn mọ́ igi, àwọn oníròyìn yóò máa lẹ ìwé mọ́ pátákó tó wà lẹ́bàá ọ́fíìsì, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àṣà yóò sì máa lu ìlù tí awọ rẹ̀ ti dẹ̀ kẹrẹwu. Ẹni tí kò bá ní ẹgbẹ́ kankan ni yóò jókòó sí kíláàsì, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ti ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ni mo mọ̀ jù, nítorí náà òun ni n óò sọ jù. Ìlànà rẹ̀ kò le. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò ka kókó àríyànjiyàn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn, yóò ká ìwé pélébé mẹ́fà sínú fìlà, ọmọ mẹ́fà yóò sì mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí ọmọ bá mú ni yóò sọ bóyá yóò gbè sẹ́yìn kókó náà tàbí yóò takò ó. A kò bi í pé kí ni òun gbà gbọ́. Ó ní ọjọ́ méje láti wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ti ibi tí ìwé pélébé rán an sí lẹ́yìn, bí ó bá sì di Ọjọ́rú, yóò dìde, yóò to ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, yóò kí wa ní kíkí tí gbogbo wa mọ̀ tinútinú: alága ọlọ́lá, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùṣọ́ àkókò tí kì í ṣàṣìṣe, ẹ̀yin olùdíje ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, ọkadà kò gbọdọ̀ rìn mọ́ ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí Ìkẹjà wà lára wọn, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ní kí a fi ìyẹn ṣe kókó àríyànjiyàn. Ọmọbìnrin kan nínú wọn, ọkadà ni bàbá rẹ̀ fi ń bọ́ wọn, láti Agége sí Ìkẹjà ni ó sì ti ń ná an. Ìwé tí ọmọ náà mú nínú fìlà ní kí ó gbè sẹ́yìn ìjọba. Ó wá bá mi ní yàrá olùkọ́, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ ìwé. N kò gbà fún un, ó sì ká mi lára pé n kò gbà. Mo ní kí ó lọ bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tí ojú bàbá ti rí lójú títì, kí ó má ṣe bi í léèrè ohun tí bàbá rò nípa ìjọba. Nígbà tí ó dìde ní Ọjọ́rú, ó sọ fún wa nípa àwọn ọlọ́kadà tí bàbá rẹ̀ bá gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbóbì, ó dárúkọ ìkòríta tí ó burú jù, ó ṣàlàyé ìdí tí ọlọ́kadà fi ń sáré bẹ́ẹ̀, pé owó tí yóò san fún ẹni tó ni ọkadà ní alẹ́ ni ó ń lé e. Alátakò rẹ̀ kò rí èsì kankan fọ̀ sí i. Lẹ́nu bàbá rẹ̀ ni ó ti bá ọ̀rọ̀ náà, bàbá tí òfin yẹn sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo ti kọ́ òwe fún ọdún 35, síbẹ̀ n kò mọ bí mo ṣe lè fi òwe kọ́ ọmọ ní ohun tí ọmọ yẹn kọ́ láàárín ọjọ́ méje, pé ènìyàn lè nífẹ̀ẹ́ ẹnìkan kí ó sì gbọ́ òtítọ́ tó lòdì sí àǹfààní ẹni náà láti ẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ máa ń sá fún jù ni ti olùṣọ́ àkókò, nítorí pé kò ní sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin tó máa ń pẹ́ dé lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ń din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà, òun ni ó sì ń bá ìyá gbé ọlọ àti ìkòkò jáde kí ó tó wẹ̀. Wọ́n ti nà án títí, ìnà kò ran ọ̀rọ̀ náà. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi fún un, mo fi agogo kékeré kan kún un, mo ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ti olùdíje, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni ti àlejò. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá àgbà wa nígbà náà yà wá wò, a sì ní kí wọ́n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ náà wo aago, ó wo ojú mi, mo gbé ojú sílẹ̀, ó sì lu agogo. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ọ̀gá àgbà yíjú sí i, wọ́n ní, “O ṣeun, olùṣọ́ àkókò,” wọ́n sì jókòó, wọn kò parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu wọn. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn. Nínú yàrá yẹn, ọmọ tó lé ní ogójì ló fojú rí i pé òfin tí a jọ ṣe mú àgbà bí ó ṣe mú èwe, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ ọmọ alákàrà ni agogo rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa èdè, nítorí òun ni iṣẹ́ mi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi ti jáde, pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá lọ́rùn, fanákúlà ni wọ́n ń pe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ọrùn rẹ ni yóò wà títí ìwọ náà yóò fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, tí ìwọ yóò sì gbé e kọ́ ọ. Ohun tí pátákó yẹn kọ́ wa ni kí a máa ṣọ́ ẹnu ara wa, kí a sì máa dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Ó dùn mí nígbà náà, ó sì ń dùn mí síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé fọwọ́ sí òfin tó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ti sọ ọ́ di àṣà láti máa fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Bí aṣòfin bá lè fi Yorùbá jiyàn lórí òfin, kí ni ó dé tí ọmọ kò ní í fi jiyàn lórí ọkadà?

Nítorí náà, nínú ẹgbẹ́ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ̀sẹ̀ yìí, Yorùbá ni ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ṣàkíyèsí pé kì í ṣe àwọn ọmọ kan náà ni ó ń borí. Ní ọ̀sẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ra ìwé ìròyìn ni ó ń mókè. Ní ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ nájà, tó ń gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń parí ìjà lórí iye tí a dá lé tòmátò, òun ni ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Ègùn wà níbẹ̀, ọmọ Haúsá láti inú Agége wà níbẹ̀, ọmọ àwọn Ìgbò tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń pa òwe tí ó ya èmi gan-an lẹ́nu. Ẹ kò ní rí ìyẹn nínú èsì ìdánwò WAEC.

Àwọn ẹgbẹ́ yòókù, n óò kàn fọwọ́ bà wọ́n ni, àfi ti Alágbèélébùú Pupa tí n kò lè ṣàìsọ. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ní ìpàdé àárọ̀, nígbà tí oòrùn bá ti ń mú, ọmọ kan máa ń ṣubú lulẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ebi ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ni wọ́n máa ń sáré gbé e lọ sábẹ́ ìbòòji, wọn yóò tú kọ́là ọrùn rẹ̀, wọn yóò bu omi fún un, wọn yóò sì bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó jẹun. Mo mọ ọmọ méjì tó di nọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́kàn mi jù ni pé ọmọ tó ṣubú ní sáà kan, òun náà wọ ẹgbẹ́ náà ní sáà kejì.

Kì í ṣe àwa ni a dá èyí sílẹ̀. Nígbà tí Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti bàbá Herbert Macaulay, ṣí ilé-ẹ̀kọ́ girama CMS ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, ọmọ mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tó tẹ̀ lé e ní ilẹ̀, wọ́n ní pápá, wọ́n sì ní àkókò. Nígbà tí erékùṣù há, àwọn kan nínú wọn kọjá sí òkè omi: CMS kó lọ sí Bàrígà ní 1959, ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìgbóbì (Igbobi College) sì ti wà ní Yábàá láti 1932. Ní Àkókà, ẹ wo St. Finbarr's tí àlùfáà Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dá sílẹ̀ ní 1956. Níbẹ̀, nínú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi ń du ife àwọn ọ̀gá àgbà, ni a ti kọ́kọ́ mọ Stephen Keshi àti Henry Nwosu. Keshi yìí ni ó jẹ́ ọ̀gágun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa tó gba ife Áfíríkà ní 1994, òun náà ni ó sì kọ́ àwọn tó tún gbà á ní 2013. Ẹnìkan ní láti fún ọmọ yẹn ní ọ̀sán àti pápá ná.

Báwo wá ni ọ̀sán ṣe kan ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ? Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, Alhájì Lateef Jákàńdè di gómìnà. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní Èkó ni ọmọ kan ti ń lọ láàárọ̀ tí ọmọ mìíràn sì ń lọ lọ́sàn-án, nínú yàrá kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹ ro ó wò. Bí o bá jẹ́ ọmọ àárọ̀, àwọn ọmọ ọ̀sán ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń retí ìjókòó rẹ. Ibo ni ẹgbẹ́ yóò ti ráyè? Jákàńdè kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́pọ̀ yanturu, ó fòpin sí ètò àárọ̀ àti ọ̀sán, ó sì sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Ilé gígùn, ilé kúkúrú, ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò ní ọ̀ṣọ́: àwọn alátakò rẹ̀ ń pè é ní ilé adìẹ. Èmi wà nínú ilé adìẹ yẹn. Mo wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní 1980, bàbá mi ń rán aṣọ ní Ọ̀rílé Agége, ì bá má ti lè rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama láéláé. Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa Jákàńdè, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Èmi máa ń fi kún un pé ó fún wa ní ọ̀sán.

Ọ̀sán yẹn ni a wá ń tà báyìí. Ohun tó kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́ ni lẹ́sìnnì. Láti kíláàsì karùn-ún, àwọn òbí a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi wákàtí ẹgbẹ́ ṣe ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nítorí WAEC àti JAMB. Mo mọ ìrora òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n mo ti wo èsì àwọn ọmọ mi fún ọdún púpọ̀, n kò sì rí ọmọ tó fìdí rẹmi nítorí pé ó jiyàn fún ogójì ìṣẹ́jú lọ́nà méjì lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti kọ́ bí a ṣe ń to èrò tẹ̀léra lórí ìdúró mọ bí a ṣe ń to àròkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tún wà. Ìyá kan sọ fún mi láìfi bò pé bí ọmọ òun kò bá dé ní aago méjì, ta ni yóò tọ́jú ìsọ̀ kí òun tó lọ gba ọjà? N kò lè bá ìyá yẹn jà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bẹ̀ ẹ́ fún Ọjọ́rú nìkan, ó sì gbà, nítorí pé inú iṣẹ́ ni wákàtí náà wà, kò sí lẹ́yìn iṣẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ní kí a sún ẹgbẹ́ sí ìgbà tí a bá ti jáde. Ọmọ tálákà ni yóò kọ́kọ́ pàdánù rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ni yóò sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ti pápá ni ó bà mí nínú jẹ́ jù. Ìkànìyàn ọdún 2006 ti sọ pé àwọn tó ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ méjìlá, a sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Lórí ọgbà kan, ẹ lè rí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti kékeré àti ti àgbà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀gá àgbà tirẹ̀, pápá ẹyọ kan ni gbogbo wọn sì ń pín. Mo rí ibi tí ebè àwọn àgbẹ̀ ọ̀dọ́ ti di ìsọ̀ tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí títì. Wọ́n ní àwọn yóò fi owó rẹ̀ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Bóyá wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ọmọ yóò gbin ewédú sí mọ́, ọjọ́ eré ìdárayá ilé sí ilé sì ti di ọjọ́ tí a ń gbé ọmọ lọ sí pápá tí a fi owó yá.

Ọmọ tí kò bá rí ẹgbẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí i ní ibòmíràn. Ẹ̀yin ará Agége, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, n kò ní dárúkọ wọn níbí. Àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn yẹn máa ń fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní orúkọ, ipò àti àwọn tí yóò pè é ní arákùnrin. Ohun tí àwa náà lè fún un nìyẹn, ní gbangba, lábẹ́ ojú olùkọ́: akọ̀wé, akápò, olùṣọ́ àkókò.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ méjì ìgbẹ̀yìn Ọjọ́rú wà nínú tábìlì àkókò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí ó wà níbẹ̀ bí ìṣirò ṣe wà níbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, owó tí ẹ dá láti fi kùn géètì dára, ṣùgbọ́n olùkọ́ kò tó, olùkọ́ kan kò sì lè wà ní ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin ẹlẹ́rọ, wákàtí kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ìwé tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ àríyànjiyàn láti ọdún 2011 wà lọ́wọ́ mi níbí, ojú ewé mọ́kànlélógún ni a kò tíì kọ nǹkan sí nínú rẹ̀. N óò fi lé akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí a tó tú ká. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, èmi náà yóò wà ní yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun ilé gígùn yẹn, n óò sì mú agogo dání.